Ẹja erin tí ẹ kọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ojú ewé àwọn ọmọdé. Mo máa ń kà á pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì bàólọ́jì níbí ní Àkúrẹ́. Èyí tí ẹ kọ lórí ẹja erin ló mú mi gbé kálàmù. Àwòrán ẹja odò wa lẹ gbé síbẹ̀, ẹja inú òkun Ọsirélíà àti New Zealand sì ni ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ń ṣàlàyé.

Ẹnu gígùn tó jọ ọwọ́jà erin ló jẹ́ kí òyìnbó fún àwọn méjèèjì ní orúkọ kan náà, àmọ́ wọn kò bára tan. Tiwa, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Gnathonemus petersii, inú odò ló ń gbé, láti ìsàlẹ̀ Odò Ọya títí dé Congo. Ohun tó yọ síta yẹn kì í ṣe imú rárá. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló gùn, òun ló fi ń wá kòkòrò nínú ẹrẹ̀. Ó ń tú iná mànàmáná láti ìdí ìrù sínú omi, iná tí kò tó kí èèyàn mọ̀ ọ́n lára, òun ló sì fi ń mọ ohun tó wà láyìíká rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ má fi wé òjíjí o, ti òjíjí kì í ṣe eré. Ọpọlọ rẹ̀ tóbi gan-an fún ara tó kéré bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí pé ẹja àrà báyìí wà nínú odò ilẹ̀ wa, ẹlòmíràn lẹ wá ròyìn lábẹ́ àwòrán rẹ̀.

Ti òkun, Callorhinchus milii, ìbátan ekurá ni. Kò ní eegun líle, ohun rírọ̀ bíi ti etí èèyàn ló gbé ara rẹ̀ ró. Wọ́n ń dín in tà pẹ̀lú ọ̀dùnkún ní New Zealand.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja labalábá. Pantodon buchholzi wà nínú omi àbàtà ilẹ̀ wa. Àwọn ti òkun, tí irú wọn lé ní ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe ẹbí rẹ̀.

Àwa náà ń ṣe é. Panla là ń pe Merluccius ní Ọjà Ọba, panla náà là ń pe Micromesistius poutassou, ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti àríwá òkun Àtìláńtíìkì wá. Mi ò bá àwọn ìyá ẹlẹ́ja wí. Ẹni tó ń rajà ń fojú ara rẹ̀ rí ẹja tó ń rà. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn kò rí nǹkan kan ju ohun tí ẹ bá kọ lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ orúkọ sáyẹ́ǹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹja, pàápàá nínú ìròyìn tó bá kan ìlera, oúnjẹ tàbí ẹ̀kọ́ ọmọ. Láti 1758 ni Carl Linnaeus ti fi ètò orúkọ alápá méjì lélẹ̀ fún àwọn ẹranko. Bí ó bá rú yín lójú, àwọn tó ń kọ́ni nípa ẹja wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, níbí. Kí ẹ sì tún ti ẹja erin yẹn tẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ti gé e lẹ̀ mọ́ ìwé wọn.

Olùkọ́ bàólọ́jì kan,
Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́.