Lẹ́tà sí Bùkọ́lá: 5% lára kí ni?

Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi pé ilé ìdárayá rẹ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi tí o fi fẹ́ máa yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí àwọn oníbàárà ń san lóṣooṣù fún àwọn àjọ aláàánú. Àmọ́ má tíì lẹ ìkéde rẹ̀ mọ́ ògiri o. 5% lára kí ni?

Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn san 100 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù yìí, 10,000 ló wọlé. Èèyàn mẹ́rin gba owó wọn padà, ó ku 9,600. Àwọn tó ń bá ọ gba owó lórí káàdì yọ 300 tiwọn, wọn kì í sì í sábà dá a padà bí oníbàárà bá tilẹ̀ gba owó rẹ̀. Ó ku 9,300. Bí o bá san owó ilé, owó iná àti owó òṣìṣẹ́ tán, èrè lè má ju 800 lọ. 5% lára owó tó wọlé jẹ́ 500; lára èrè, 40 péré. Oníbàárà tó ka ìkéde rẹ, 500 ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá gbọ́ 40, yóò ní o purọ́ ni.

Má gbé e ka èrè rárá. Ìnáwó lè jẹ èrè tán láìsí ẹni tó mọ̀. Àwọn 1% for the Planet, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ìtọ́jú àyíká, tí Yvon Chouinard àti Craig Mathews dá sílẹ̀ ní 2002, lára gbogbo ọjà tí iléeṣẹ́ tà lọ́dún ni wọ́n ti ń ka tiwọn. Ìwọ kà á lára owó oníbàárà tí o kò dá padà, ìyẹn 9,600: 5% rẹ̀ jẹ́ 480. Ṣùgbọ́n wo ohun tó kù: 480 kúrò nínú 800, o di ẹni tó ń fi 320 gbọ́ bùkátà! Fi 2% bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 192. Ó rọrùn kéèyàn fi kún un lọ́jọ́ iwájú. Dídín in kù ló ń tini lójú.

Àwọn tó ń san owó ọdún lápapọ̀ ló ń da ìṣirò rú jù. Ẹni san 1,200, o sáré fi 24 ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó ní òun ò ṣe mọ́, o dá 900 padà. 18 nínú ọrẹ yẹn ti di owó tí o kò gbà, àjọ aláàánú kì í sì í dá ọrẹ padà. 2 ni kí o máa kà sílẹ̀ lórí ẹni bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù.

Ṣí akáǹtì ọ̀tọ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí o máa gbé owó náà síbẹ̀, nítorí owó ọrẹ tó bá wà pẹ̀lú owó iná, iná ni yóò jẹ ẹ́. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí o máa fi ránṣẹ́, kí o sì gba rìsíìtì.

Àjọ méjì ti tó. Rí i pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí orúkọ àjọ wà lórí akáǹtì, kó má jẹ́ ti ẹnì kan. Kí o tó lo orúkọ wọn polówó, ẹ jọ tọwọ́ bọ̀wé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1992 lórí àjọ aláàánú ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà náà ní tiwọn. Bi agbẹjọ́rò ọ̀dọ̀ yín.

Má sì jẹ́ kí oníbàárà rò pé òun ló tọrẹ tí yóò fi gba ìdínkù owó orí. Lára owó rẹ ló ti jáde, ọrẹ rẹ ni. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó bá fi owó tirẹ̀ kún un.

Ohun tí mo lè kọ sára ògiri nìyí: «Nínú owó tí ẹ ń san lóṣù kọ̀ọ̀kan, tí a kò dá padà, a ń yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, a sì ń fi í ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.» Kọ orúkọ àjọ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, àti iye tó lọ kẹ́yìn. Fi tìrẹ ránṣẹ́ kí n kà á kí o tó lẹ̀ ẹ́.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Fúnmi