Ẹ má ṣe yọ àmì ohùn kúrò nítorí ìkànnì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìforítì bí ẹ ti ń tẹ ìwé ìròyìn jáde ní èdè wa. Kàbbà, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ẹgbẹ́ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn oníṣòwò kọ ìkànnì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wa pẹ̀lú: wọ́n ní ìkànnì kì í gba àmì ohùn, nítorí náà kí iṣẹ́ má baà dàrú, kí a kúkú kọ Yorùbá láìfi àmì kankan sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwa tí a ń kọ ìkànnì ni àṣìṣe náà wà, kò sì sí èyí tí kò ní àtúnṣe nínú àwọn tí mo ti bá pàdé.

Àwa ọmọ Okun, ìyẹn àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni wá, ẹ̀ka èdè wa sì yàtọ̀ síra díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ Yàgbà bá ń ka oríkì tí ará Bùnú kọ ní ohùn ilé rẹ̀, tí kò sì sí àmì lórí rẹ̀, kò sí ohun tí yóò fi mọ bí wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ náà, àfi kó máa méfò.

Fún àǹfààní àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹni tó ń kọ gbogbo ìkànnì láti orí ilẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ wa ń lo framework, ìyẹn àkójọ kóòdù tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀, tó ti mọ bí a ti ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wọlé, bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ sínú dátábéèsì, àti bí a ti ń gbé e jáde sójú ìwé. Django ni èmi ń lò, èdè kọ̀ǹpútà Python ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Inú ẹ̀yin oníròyìn yóò dùn láti gbọ́ pé ilé ìwé ìròyìn ni wọ́n ti bí i: Adrian Holovaty àti Simon Willison ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún Lawrence Journal-World ní Ìpínlẹ̀ Kansas, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé ní oṣù Keje ọdún 2005. Ohun tí a ṣe fún iṣẹ́ ìròyìn kò lè ṣàì mọ bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, bí a bá ti mọ bí a ṣe ń darí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní agbègbè wa ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ní kí n kó ìtàn àwọn agboolé, oríkì, òwe, àti orúkọ àwọn ọmọ ìlú tó wà nílé àti lẹ́yìn odi sórí ìkànnì. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbé kíkọ oríkì náà lé lọ́wọ́, bàbá sì fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, tàmì-tàmì, láìfo ọ̀kan. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì tí mo sì ṣí i wò, ibi tó yẹ kí n ti rí orúkọ ìlú Ẹ̀gbẹ̀, ohun tí mo rí ni ??gb??. Ojú tì mí láti fi han bàbá.

Sáfà tí mo yá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀, ló fa èyí. MySQL ni dátábéèsì ibẹ̀, tébù inú rẹ̀, ìyẹn àtẹ tí a ń to ọ̀rọ̀ sí, sì ń lo ètò lẹ́tà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní latin1, tí kò mọ̀ ju lẹ́tà àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lọ. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ níbẹ̀, nítorí náà ó fi àmì ìbéèrè dípò gbogbo èyí tí kò mọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ṣètò MySQL kó má gba ìgbàkugbà, yóò kọ̀ jálẹ̀ ni, yóò sì kọ Incorrect string value sójú ìwé. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a yí dátábéèsì àti tébù inú rẹ̀ sí utf8mb4, ètò lẹ́tà tó mọ lẹ́tà wa, tí MySQL fúnra rẹ̀ ti fi ṣe ìpìlẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀dà 8.0 ti jáde ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ohun tó bá ti di àmì ìbéèrè ti lọ nìyẹn. Àtúnṣe kò lè dá a padà. Ńṣe ni mo tún gbogbo oríkì náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ìwé tí bàbá fi ọwọ́ kọ.

Èyí tó gba oorun lójú mi jù ni ti ìṣàwárí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tẹ orúkọ Ọlọ́runfẹ́mi sínú àpótí ìṣàwárí, ìkànnì ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà wà lójú ìwé tí gbogbo wa ń wò ó. Òru méjì ni mo fi wá ohun tó fà á. Ìgbà tí mo ní kí Python ka iye ẹyọ, ìyẹn lẹ́tà tàbí àmì tí kọ̀ǹpútà ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó wà nínú orúkọ méjèèjì ni ojú mi là: èyí tó wà nínú dátábéèsì jẹ́ ẹyọ 12, èyí tí akọ̀wé tẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ 15, bẹ́ẹ̀ kò sí ojú tó lè mọ ìyàtọ̀ wọn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Nínú Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ ní àyè tirẹ̀, U+1EB9. Ọ wà ní U+1ECD, ṣ sì wà ní U+1E63. Lẹ́tà bíi á àti è náà ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí àyè kan ṣoṣo tí wọ́n fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ tàbí ọ̀. Àkànpọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kíbọ́ọ̀dù kan lè fi ẹ sílẹ̀ kó sì gbé àmì lé e lórí. Òmíràn lè fi e lásán sílẹ̀, kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kó tó wá fi ti òkè sí i. Ẹ̀kẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti orí é, kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà lójú wa, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú dátábéèsì. Ìlà kóòdù kan péré ló ń wo èyí sàn: kí a fi unicodedata.normalize ti Python sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ẹ̀yà kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní NFC, kó tó wọ inú dátábéèsì, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí. Bí a bá ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ kan tí a fi ìkejì sílẹ̀, asán ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lórí fóònù, pé Olorunfemi lásán ni wọn yóò tẹ̀. Òótọ́ ni, a kò sì gbọ́dọ̀ lé wọn sẹ́yìn. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fi òpó kejì sí tébù náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Inú rẹ̀ ni mo ń tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí mo ti bọ́ àmì lára rẹ̀ sí, òun ni ìṣàwárí sì ń wò. Ojú ìwé tí àwọn ènìyàn ń kà kò pàdánù àmì kankan. Ìwà ọ̀lẹ ni kí a bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nítorí àti lè wá a rí.

Nígbà tó yá, àwọn òwe ni ó tún kù. Django ní irinṣẹ́ kan, slugify, tó ń sọ àkọlé di àdírẹ́sì ojú ìwé. Bó bá ti wá, gbogbo lẹ́tà tí kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì ni yóò bọ́ sí ìhòòhò. Nítorí náà, nínú àkọlé àwọn òwe, ọkọ tí í ṣe baálé, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ fi ń gún ẹran, àti oko tí a ń dá, gbogbo wọn di oko. Àkọ́kọ́ wọlé, ìkejì dé, dátábéèsì sì dá a padà pẹ̀lú Duplicate entry, ìyẹn ni pé àdírẹ́sì náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́ kan tó ń ràn mí lọ́wọ́ rí i, ó sì parí èrò sí pé Yorùbá ni kò bá Django mu. Láti ẹ̀dà 1.9, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, a lè sọ fún slugify pé allow_unicode=True, yóò sì fi ọ àti ẹ sílẹ̀; ṣùgbọ́n àmì òkè tó jẹ́ àkànpọ̀ ṣì máa ń já dànù, tí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ á tún di ọ̀kan. Ohun tó tán ìṣòro náà lọ́dọ̀ mi ni pé mo fi nọ́ńbà òwe náà ṣíwájú àdírẹ́sì rẹ̀, bíi 27-oko, kóòdù sì ń fi nọ́ńbà yẹn wá a. Àdírẹ́sì lásán ni èyí. Àkọlé tó wà lójú ìwé ṣì gbé gbogbo àmì rẹ̀ dání.

Títò orúkọ ní abídí náà ní tirẹ̀. Àkójọ ìlú tí a ṣe jáde báyìí: Ayétòrò, Kàbbà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀gbẹ̀ béèrè ìdí tí wọ́n fi wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì jàre, nítorí pé nọ́ńbà Unicode ni kọ̀ǹpútà fi tò wọ́n, lẹ́yìn Z ni Ì àti Ẹ sì wà níbẹ̀. PostgreSQL, tó jẹ́ dátábéèsì mìíràn, ti ń lo òfin títò ti ICU, ìyẹn àkójọ òfin èdè fún kọ̀ǹpútà, láti ẹ̀dà 10, ti Yorùbá sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yo-x-icu, tó mọ̀ pé ẹ tẹ̀lé e, gb tẹ̀lé g, ọ tẹ̀lé o, ṣ sì tẹ̀lé s. Django ti jẹ́ kí a lè kọ orúkọ òfin náà sára òpó tébù fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 3.2, pẹ̀lú db_collation. Ẹlòmíràn ti ṣe iṣẹ́ yìí dé orí lẹ́tà gb wa, àwa tí a ni èdè kò sì lò ó.

Ti fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, kò gùn. Bí ẹ bá rí ìkànnì tí ẹ àti ọ inú rẹ̀ tinrin ju àwọn lẹ́tà tó kù lọ, ẹni tó kọ ọ́ kó apá kan fọ́ǹtì, ó fi apá kan sílẹ̀. Ní Google Fonts, apá tí wọ́n ṣètò fún èdè Vietnam ni wọ́n kó ẹ, ọ àti àmì ohùn wa sí, ṣ sì wà ní apá latin-ext. Ẹni tó bá fẹ́ gbé fọ́ǹtì sórí sáfà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó méjèèjì pọ̀ mọ́ apá latin tí àwọn lẹ́tà yòókù wà.

Bí fáìlì tó ní àmì ohùn lórúkọ bá kọ̀ láti wọlé, tí àṣìṣe UnicodeEncodeError sì jáde, kí a wo LANG, ìyẹn ètò èdè orí sáfà, kí a sọ ọ́ di C.UTF-8. Bí àkọlé bá sì gùn ju max_length, ìyẹn gígùn tí a fún òpó náà, lọ láìtọ́, kí a rántí pé ẹyọ 8 ni Django ń ka Ọ̀wọ́rọ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà 5 ni àwa ń rí, kí a sì fún òpó náà láyè tó pọ̀ sí i.

Ó tún ní àwọn ìṣòro tí a máa ń di ẹ̀bi wọn ru àmì ohùn láìjẹ́ pé ó kàn wọ́n rárá. Ọ̀dọ́ kan gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi láti Ìyàrà, ó ní láti ìgbà tí òun ti fi Yorùbá sórí ìkànnì òun ni gbogbo àwọ̀ àti ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ti ṣí. Nígbà tí a jọ wo fáìlì settings rẹ̀, a rí i pé ọjọ́ kan náà ló yí DEBUG, ètò tí a ń lò nígbà tí a bá ń kọ ìkànnì lọ́wọ́, sí False, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ kó ṣe kí àwọn àjèjì má baà máa rí inú kóòdù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe collectstatic, àṣẹ tó ń kó àwọn fáìlì ẹ̀ṣọ́ jọ, kò sì sọ fún sáfà ibi tí yóò ti máa rí àwọn fáìlì ẹ̀ṣọ́ náà, nítorí Django kì í gbé wọn jáde fúnra rẹ̀ mọ́ bí DEBUG bá ti di False. Lẹ́yìn èyí ni ó rí Bad Request (400), nítorí pé orúkọ ìkànnì rẹ̀ kò sí nínú ALLOWED_HOSTS, ìyẹn àkójọ orúkọ tí Django gbà láyè. Kò sí èyí tó kan èdè nínú méjèèjì. Mo bi í pé kí ni àṣìṣe náà kọ sínú àkọsílẹ̀ sáfà, ó ní òun kò kà á dé ìsàlẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe Python ló máa ń dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìlà àkọ́kọ́ tó ń kà kò lè sọ ọ́ fún un.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín kí ẹ fi àyè gba ìwé yìí, nítorí àwọn ẹgbẹ́ ìlú àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń san owó fún ìkànnì Yorùbá tí kò ní àmì, tí wọ́n sì ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ rí. Kí wọ́n tó san owó tó kù fún oníṣẹ́, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n fi ọkọ̀ àti ọkọ́ ṣe àkọlé ojú ìwé méjì, kí wọ́n wá Ọlọ́runfẹ́mi láti orí fóònù méjì tí kíbọ́ọ̀dù wọn yàtọ̀ síra, kí wọ́n sì wo ibi tí Ẹ̀gbẹ̀ bọ́ sí nínú àkójọ ìlú. Bí ọ̀kan bá kùnà nínú wọn, kí wọ́n dá iṣẹ́ náà padà fún un, kí wọ́n sì fi ìwé yìí hàn án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ ìkànnì kan,
Kàbbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.