Ẹ ka ẹran tí a lè sìn fún wa

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ọ̀bọ kan wà ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìdí igi máńgòrò ni wọ́n so ó mọ́. Okùn tó wà níbàdí rẹ̀ ti họ irun ibẹ̀ dànù, awọ ibẹ̀ pọ́n yòò. Báwọn ọmọ bá ti ń ti ilé ìwé bọ̀, wọn á máa ju bisikíìtì sí i. Lóṣù tó kọjá ló gé ọmọ ọdún mẹ́jọ jẹ lọ́wọ́. Onílé ní ọmọ náà ló kọ́kọ́ fìtínà rẹ̀. Ìyá ọmọ ní ta ló ní kí wọ́n máa so ọ̀bọ mọ́lé. Nọ́ọ̀sì tó fọ ojú egbò náà bi wọ́n bóyá wọ́n ti gún ọ̀bọ ọ̀hún lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí òfin sọ ẹran tí a lè sìn nílé. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Bàbá mi sin odídẹrẹ́, òun àti ẹyẹ náà ni wọ́n jọ máa ń kí àlejò. Nígbà yẹn a rò pé odídẹrẹ́ kì í tán nígbó. Àdéhùn CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹran àti ewéko igbó, tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí láti 1974, ti wá fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ọdún 2016 ni wọ́n fẹnu kò sí i.

Ti kìnnìún kò tiẹ̀ ṣeé fẹnu sọ. Lọ́dún 2019, ìjọba Èkó lọ gbé ọ̀kan kúrò nínú ilé kan ní Victoria Island. Ní February 2024, kìnnìún pa ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ẹni tó ti ń bọ́ ọ fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ ẹni yẹn sì ni o, kì í ṣe afẹ́.

Ẹni tó bá ní ẹran kékeré ò léwu, kó gbọ́ ti òkété. Òkété tí àwa ń fi se ọbẹ̀ yìí wà lára àwọn ẹran tí wọ́n kó láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 2003 fún àwọn tó fẹ́ sìn wọ́n nínú ilé. (Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́.) Wọ́n kó àrùn mpox, èyí tó máa ń sú síni lára, ran ẹran mìíràn tí wọ́n jọ wà lọ́jà, ìyẹn náà kó o ran àwọn tó rà á. Èèyàn 47 ni wọ́n kà mọ́ ọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn wa ní Òkè-Mósàn, Abẹ́òkúta, ni pé kí wọ́n má ṣe ka ẹran tí a kò gbọdọ̀ sìn. Bí wọ́n bá dárúkọ ọ̀bọ, ẹni tó ń tà á á ní ìjímèrè lòun gbé dání. Èyí tí a lè sìn ni kí wọ́n kà. Bí àwọn Netherlands ṣe ṣe é ní July 2024 nìyẹn: ẹran afọ́mọlọ́mú 30 péré ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹni tó ti ní òmíràn nílé tẹ́lẹ̀ lè tọ́jú rẹ̀ dọjọ́ ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó bímọ. Tiwa ò le: ajá, ológbò, ehoro, ewúrẹ́, adìyẹ, ẹyẹlé. Ọ̀yà náà, nítorí àwọn tó ń sìn ín tà. Ẹni tó bá sì yọ ẹṣin kúrò níbẹ̀, kó lọ bá àwọn ìdílé Balógun sọ ọ́ kí Ojúde Ọba tó dé.

Ẹni tó ń tà ni kí òfin kọ́kọ́ mú. Ọmọ ọ̀bọ kì í dédé jáde sójú títì. Ọdẹ ti yìnbọn pa ìyá rẹ̀ kó tó já a gbà láyà rẹ̀.

Ọmọ tí mo sọ yẹn ṣì ku abẹ́rẹ́ kan, ìyá rẹ̀ ló ń dá sanwó. Onílé ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ọ̀bọ náà wá mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Títí di àná, kò tíì sẹ́ni tó wá, kò sì ṣeé tú sígbó: bisikíìtì ló mọ̀ ọ́n jẹ.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìjẹ̀bú-Òde.