Kí Ọkọ̀ Tó Ṣí ní Palermo

Mùfútáù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Orúnkún ìyá rẹ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Àbúrò rẹ ti ṣe wáẹ́ẹ̀kì tán, oorun ló kù tó ń sùn. Owó páànù tí o ṣèlérí kò tíì dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá.

Ọmọ Ìyá Sùlíà tó wà ní Ítálì ló pe ìyá rẹ̀ pé o bi òun bí èèyàn ṣe ń rí ibi sùn sí ní Palermo. Láti ìgbà tí ọkọ̀ yín ti kúrò ní Barcelona, o ò gbé fóònù mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú ọkọ̀, ibi sùn wo ló ń wá?

Mi ò ní kí o má wọ ìlú o. Àwọn èrò tí ò ń fọ abọ́ wọn san owó gọbọi nítorí wákàtí mélòó kan níbẹ̀, ìwọ rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Èbúté ò jìnnà sígboro, ẹsẹ̀ lásán á gbé ọ dé Kàtídírà. Níbi ìloro tó kọjú sí gúúsù, wo òpó apá òsì: Kùránì ni wọ́n fín sára rẹ̀. Lára ṣọ́ọ̀ṣì! Lárúbáwá gba ìlú náà ní 831, àwọn Norman, jagunjagun tó wá láti ilẹ̀ Faransé, gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1072, òpó yẹn ṣì dúró. Lẹ́yìn náà, lọ jẹ panelle ní ọjà Ballarò. Ẹ̀wà wọn kan ni wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n rò, tí wọ́n wá dín, tí wọ́n ki sáàárín búrẹ́dì. Wàá rò pé àkàrà ni. Jẹ ẹ́, kí o padà sínú ọkọ̀. Ṣé o gbọ́? Padà.

Káàdì tó wà lọ́rùn rẹ yẹn, bí ọkọ̀ bá ti ṣí, ike lásán ni. Orí rẹ ò pé bí o bá rò pé wọ́n á ṣàánú rẹ. Ẹni mímọ́ aláwọ̀ dúdú kan wà tí wọ́n fi ṣe alágbàwí ìlú náà, Benedetto, ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà. Wọ́n ń gbé ère rẹ̀ gẹ̀gẹ̀, ọlọ́pàá sì ń bi èmi ní ìwé.

Àkànní, èmi ni mo máa ń sọ fún yín pé ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní Palermo ní 1983. Irọ́ ni. Mo jókòó nítòsí òpó yẹn, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò dìde.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ru àpótí tòmátì ní Ballarò. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá mi kú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà tó mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé, bàbá mi ní kí n má ṣàlàyé fẹ́nikẹ́ni, pé ọkọ̀ ló já mi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ó máa wí. Ìyá rẹ pàápàá ò mọ̀. Má sọ fún un.

Bóyá irọ́ yẹn ló jẹ́ kí ibẹ̀ máa dùn létí rẹ láti kékeré. Bí mo ṣe ń ròyìn ọjà, tí mò ń ròyìn òkun, n kò ròyìn ilẹ̀ tí mo ń sùn. Páànù lè dúró. Mo ti fi ọ̀rá bo ibi tó ń jò.

Tí o bá ti wọlé padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ya fọ́tò ilẹ̀kùn yàrá rẹ nínú ọkọ̀, kí o fi ránṣẹ́. Mi ò fẹ́ fọ́tò ìlú. Mi ò ní sùn kí n tó rí i.

Bàbá rẹ.