Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ògìdì lórí ọ̀rọ̀ ilé wa

Darmstadt, Jámánì

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà,

Okun o. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ, mo sì kí Ìyá wa púpọ̀púpọ̀. Àlàáfíà ni mo wà. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá èyí tí a lè máa sọ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí.

Ẹ bi mí léèrè ìdí tí owó ìpìlẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù kò fi tíì wọlé. Owó náà wà nílẹ̀. ₦1,500,000 tí mo ṣèlérí kò dín kọ́bọ̀ kan, n kò sì fi ṣe nǹkan mìíràn. Ohun tó dá a dúró ni ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn, pé ẹ ti bá àwọn agégi sọ̀rọ̀ lórí ìrókò ẹ̀yìnkùlé àti igi irú méjèèjì, àti pé àwọn afọ́kúùta ń bọ̀ wá fọ́ àpáta kí ilẹ̀ lè tẹ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló fún wọn láṣẹ? Èló ni wọ́n fẹ́ san lórí ìrókò náà, ọwọ́ ta ni owó ọ̀hún yóò sì bọ́ sí? Ṣé ẹ tilẹ̀ sọ fún Ìyá kí ẹ tó dá wọn lóhùn?

Ẹ ní àwọn ènìyàn ń sọ nílùú pé òkèèrè ti yí mi lórí, pé mo fẹ́ kọ́ ilé wíwọ́, pé mo sì fẹ́ gbin igi sórí páànù. Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi pé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí mo ti rí ohun tí mo ní lọ́kàn, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ilé ńlá kan wà ní ìlú tí mo ń gbé yìí, Waldspirale ni wọ́n ń pè é. Ayàwòrán ọmọ Austria kan, Friedensreich Hundertwasser, ló gbèrò rẹ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, ọdún 2000 ni wọ́n sì parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kú ní oṣù kejì ọdún náà, kò sì rí òpin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ilé náà tẹ̀ bíi lẹ́tà U, apá kan rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, ó wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di alájà méjìlá, òrùlé rẹ̀ sì ń gòkè bá a lọ pẹ̀lú koríko àti igi lórí. Àwọ̀ ara ògiri rẹ̀ ń lọ ní ìlà-ìlà tó tẹ̀ kọrọkọrọ, bí ìpele erùpẹ̀ tí ènìyàn ń rí nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga. Fèrèsé rẹ̀ lé ní 1,000, kò sì sí ìlà tí wọ́n tò sí. Igi ń yọ jáde láti ojú àwọn mìíràn nínú fèrèsé náà. Mo dúró lábẹ́ ọ̀kan níjọ́ kan, ẹ̀ka igi ti nà jáde tán, bàtà ọmọdé méjì sì wà lójú fèrèsé kejì tí ẹnìkan sá sí oòrùn.

Hundertwasser ka àwọn igi yẹn sí ayálégbé, ó ní òjìji wọn àti afẹ́fẹ́ mímọ́ ni wọ́n fi ń san owó ilé. Ohun tó ń sọ títí tó fi kú ni pé ilẹ̀ tí a bá gbà lọ́wọ́ igi àti koríko láti fi kọ́lé, a gbọ́dọ̀ dá a padà fún wọn lórí òrùlé. Ẹ má sọ pé ohun ìṣeré òyìnbó ni. Fúláàtì 105 ló wà nínú rẹ̀, ìdílé ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ń san owó ilé lóṣooṣù bí èmi náà ṣe ń san tèmi. Síbẹ̀, àwọn àlejò ń wá láti ìlú mìíràn, wọn a dúró sí òdìkejì títì, wọn a máa ya fọ́tò. Èyí tí ọkùnrin yìí kan náà ṣe ní Vienna, tí wọ́n parí ní 1985, kò ju nǹkan bí àádọ́ta fúláàtì lọ, ìjọba ìlú ló ni ín, ó sì wà lára ohun tí àwọn àlejò máa ń kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀.

N kò ní kí ẹ gbin ohunkóhun sórí páànù. Kọnkéré tó lágbára ló ń gbé erùpẹ̀ orí òrùlé wọn, pẹ̀lú ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí omi àti gbòǹgbò má baà wọlé, agbára wa kò sì ká ìyẹn. Ohun tí mo béèrè kò tó nǹkan: kí ògiri ẹ̀yìn tẹ̀ níbi tí àpáta wà, kí àwọn igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró. Ẹ ti rí àpáta náà nígbà ẹ̀rùn, nígbà tí láfún bá funfun lórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí Ìyá sì jókòó lábẹ́ igi irú pẹ̀lú ọ̀pá, tó ń lé adìẹ. Níbo ni yóò sá láfún sí bí ẹ bá fọ́ ọ? Kí ni yóò gba oòrùn ọ̀sán dúró lára yàrá rẹ̀ bí ìrókò bá lọ?

Ẹ ní bíríkìlà sọ pé ògiri tó tẹ̀ yóò jẹ búlọ́ọ̀kù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ni, owó tí ẹ fẹ́ kó fún àwọn afọ́kúùta yóò sì tó o, yóò tún ṣẹ́kù. Ẹ ní ìrókò lè wó lé ilé. Mo ti sún ilé náà síwájú nínú àwòrán tí mo fi ránṣẹ́, kí a má baà gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé ibi gbòǹgbò rẹ̀. Ṣé ẹ wo àwòrán náà rárá? Bó bá sì jẹ́ pé ohun tí àwọn ará ìjọ yóò sọ nípa ìrókò ni ẹ ń rò, Bàbá wa jẹ́ alàgbà títí ó fi sùn, abẹ́ igi yẹn náà ló sì ń gbé àga sí tó fi ń ka Bíbélì.

Àwọn ènìyàn ń wá sí Ògìdì nítorí aṣọ wa àti iṣẹ́ ọnà tí Màmá Nike Okundaye gbé lárugẹ. Àwọn kan náà yóò yà wo ilé tó bá àpáta Ògìdì mu. Ta ni yóò yà wo ilé onígun mẹ́rin tí irú rẹ̀ kún Kábbà àti Lọ́kọ́ja?

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, n kò sì gbàgbé ohun tí ẹ ṣe kí n tó dé ibí. Ẹ dá àwọn agégi àti afọ́kúùta dúró, ẹ fi fọ́tò àwọn igi àti àpáta náà ránṣẹ́ sí mi, ìdajì owó yóò wọlé lọ́jọ́ náà, ìyókù nígbà tí bíríkìlà bá ti na okùn ìpìlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòrán. Bí ẹ bá ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ agégi, ẹ sọ iye rẹ̀ fún mi, èmi yóò dá a padà fún un. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá wà lọ́tọ̀, mo ti fi sínú àpò báńkì ìyàwó yín. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má fi kún ti ilé.

Èmi ni àbúrò yín.