Abọ́ Ni Kí O Kà, Má Ka Ẹnu

Adátán, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹsàn-án

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara wa le, àfi orúnkún mi tó ní òun ò bá ìdí àdògán ṣe mọ́. Bàbá yín ní kí n má pariwo, pé ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí kọ́ ni yóò dúró ti ìkòkò lọ́jọ́ Kérésì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Lọ́dún yìí, ìwọ ni wàá se oúnjẹ Kérésì ilé wa. Èmi á jókòó sórí àga, màá máa nàka.

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín, wàá ní, "Màámi, Oṣù Kẹsàn-án la ṣì wà o." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún 34 ni mo fi ta oúnjẹ ní Kútọ̀. Mo mọ àwọn tó máa ń sáré wọjà ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá pẹ̀lú àpò òfìfo àti owó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yá. Àwọn yẹn la máa ń jèrè lórí wọn jù. Mo lè sọ ọ́ fún ọ, torí ìwọ kì í ṣe oníbàárà mi.

Ohun tí màá kọ́kọ́ ní kí o ṣe kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Mú ìwé kan, kí o kọ orúkọ. Kì í ṣe orúkọ àwọn tí yóò jókòó jẹun nílé wa o. Àwọn yẹn ò ju 16 lọ, a sì mọ ara wa. Orúkọ àwọn tí abọ́ máa lọ bá nílé ni kí o kọ. Alhaja ilé kejì, tó ń gbé ẹran Iléyá wá fún wa láti ìgbà tí o wà nínú oyún. Télọ̀ tó ń rán aṣọ ọdún wa láwìn. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ológì. Àwọn ọmọ méjì tó ń bá mi pọn omi láti ìgbà tí orúnkún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo jókòó, mo kà á: abọ́ 23 ló jáde nílé wa kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àwọn tó jẹ nílé kò tó àwọn tó jẹ níta!

Mo ṣe àṣìṣe yìí rí. O kéré nígbà náà, o ò lè rántí. Ẹnu tó wà nínú ilé ni mo fi wọn ìrẹsì. Nígbà tí yóò fi kan abọ́ Alhaja, mo ti ń fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò, ẹran kan ṣoṣo ló sì kù, ọrùn adìyẹ ni. Mo bò ó, mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé e lọ. Nígbà tí abọ́ náà padà dé, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n sì to ọsàn mẹ́fà sínú rẹ̀ bí wọ́n ti í ṣe lọ́dọọdún. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ọsàn yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn.

Nítorí náà, ka abọ́ kí o tó ka owó. Kóńgò ìrẹsì kan máa ń tó abọ́ méje tí èèyàn ò bá bù ú tìtìjú-tìtìjú. Abọ́ 23 tó ń jáde, ẹnu 16 nínú ilé, àti àwọn àlejò tó máa ń yà láti ṣọ́ọ̀ṣì láìkàn sí ẹnikẹ́ni: kóńgò mẹ́jọ ò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ààbọ̀ àpò, ìyẹn kílò 25, máa ṣe Kérésì, á ṣe ọdún tuntun, á sì ṣẹ́ kù. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní odidi àpò torí pé ọdún ni. Ọdún kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ, àmọ́ kòkòrò inú ìrẹsì kì í mọ̀ pé ọdún ti parí.

Oṣù yìí gan-an ni kí o ra ìrẹsì náà. Béèrè èyí tó ti pẹ́ nílé. Ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lóko máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ti jọ̀lọ́ọ̀fù, o fẹ́ èyí tó gbẹ, tó máa wú, tí kóró kọ̀ọ̀kan á dá dúró. Mú kóró kan, fi eyín gé e: bó bá dún kọ́ṣọ́, ó ti gbẹ. Bó bá rọ̀ lábẹ́ eyín, ṣe bí ẹni pé o gbàgbé pọ́ọ̀sì rẹ nílé. Tí o bá fẹ́ ọ̀fadà fún Bàbá yín (wọ́n á béèrè), ìyẹn dúró di ìparí oṣù Kọkànlá tí tuntun bá ti dé láti ọ̀nà Ọbáfẹ́mi-Owódé, kí o sì ti ṣa òkúta rẹ̀ kúrò kí ọjọ́ Kérésì tó pé. Ìwọ kọ́ ló máa ṣẹ́ eyín bàbá ẹni lọ́jọ́ ọdún.

Àlùbọ́sà náà, ìsinsìnyí ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kó o lóko lókè Ọya, èyí tó wà lọ́jà báyìí ti wà nílẹ̀ látìgbà náà. Bí oṣù bá ṣe ń súnmọ́ Kejìlá, bẹ́ẹ̀ ló ń tán, bẹ́ẹ̀ sì ni owó rẹ̀ ń gòkè. Bàbá yín a máa sọ ọ́ sí wa létí pé ìlú tí Freeman ajíhìnrere wọ̀ ní Oṣù Kejìlá ọdún 1842, tí Townsend, ajíhìnrere bíi tirẹ̀, sì tẹ̀ lé e ní Oṣù Kìíní ọdún 1843, kò yẹ kó ṣì máa wá àlùbọ́sà kiri ní àárọ̀ ọjọ́ Kérésì. Ẹ̀fẹ̀ wọn nìyẹn, àmọ́ òótọ́ wà níbẹ̀. Ra èyí tí ọrùn rẹ̀ gbẹ, tí èèpo rẹ̀ ń dún bí ìwé. Má dì í sínú náílọ́ọ̀nù. Tẹ́ ẹ sórí àpò lórí ilẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ń gbà, kí o sì máa lọ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹyọ kan tó bá rà, á kó bá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Epo pupa, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Mo ti rà á láti Oṣù Kẹrin tí ọ̀pẹ so dáadáa, kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi. Òróró nìkan ni kí o rà. Mínírà, sọ fún àbúrò rẹ ọkùnrin, òun ló ń mu ún jù.

Ṣùgbọ́n má rò pé gbogbo nǹkan là ń tètè rà. Oṣù Kejìlá ni iṣu ń wọ̀lú bí omi. Ẹni tó bá ra ti Kérésì ní Oṣù Kẹsàn-án, owó ló fi ṣòfò. Ní ti ẹ̀wà tí a ó fi ṣe mọ́ínmọ́ín, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan lọ́jà máa ń fi oògùn ẹ̀fọn sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Yúróòpù ò gba ẹ̀wà gbígbẹ wa wọlé mọ́ láti ọdún 2015 nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí o bá bu ẹ̀wà sọ́wọ́ tó ń ta sí ọ nímú, dá a padà, kódà kó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló ń tà á. Èyí tí o bá rà, sọ ọ́ sí fírísà fún ọjọ́ mẹ́rin, òtútù á pa kòkòrò àti ẹyin rẹ̀, kí o wá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, kí o sì dé e pinpin. A ò nílò oògùn kankan.

Ó yá, fírísà. Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo ti fi pa mọ́ fún ọ tipẹ́. Ọdún tí o wọ JSS2, mo fẹ́ fi hàn pé mo gbọ́n ju gbogbo ọjà lọ. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, mo lọ sí Láfẹ́nwá láàárọ̀ kùtù, mo ra odidi itan màlúù, mo gé e, mo tò ó sí fírísà ní tútù bẹ́ẹ̀, n kò bọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, tiransifọ́mà àdúgbò bú gbàù. Wọ́n ní kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi tún un ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wákàtí-wákàtí ni mo ń ṣí ìdérí láti wò ó bóyá yìnyín ṣì wà. Ṣíṣí yẹn gan-an ló pa á. Fírísà tó kún bámúbámú, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè di òtútù mú fún bí ọjọ́ méjì. Èyí tó kún dé ìdajì ò ju ọjọ́ kan lọ. Tèmi ò lo ọjọ́ kan dé òpin. Lọ́jọ́ kejì omi pupa ti ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, eṣinṣin sì ti mọ ilé wa. Bàbá yín gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé, a sin itan màlúù bí ẹni sin èèyàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn so lọ́dún tó tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹja Titus la jẹ ní Kérésì yẹn. O ní ó dùn.

Láti ìgbà náà, ẹran kì í wọ fírísà mi láìbọ̀. Fi iyọ̀, àlùbọ́sà àti táìmù bọ̀ ọ́, dín in díẹ̀, jẹ́ kó tutù pátápátá, kí o tó pín in sínú náílọ́ọ̀nù kéékèèké, èyí tó tó ìkòkò kan fún náílọ́ọ̀nù kan. Bí iná bá lọ, má ṣí i. Da aṣọ ìbora lé e lórí, kí o jókòó tì í bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kejì tí iná ò dé, kó gbogbo rẹ̀ jáde, dín in kó gbẹ, kí o sì pe àwọn èèyàn.

Ata náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Kérésì, kó tàtàṣé, rodo àti tòmátì rẹ lọ sí ẹ̀rọ, rọ ọ́ sínú àpò ìyẹ̀fun tó mọ́, kí o so ó kọ́ lálẹ́ kí omi rẹ̀ máa kán. Láàárọ̀, omi kíkan yẹn ti lọ, ohun tó kù nípọn bí ògì. Dín in nínú òróró títí tí òróró á fi léfòó, kó tutù, kó o sì pín in bí o ti pín ẹran. Ní ọjọ́ Kérésì, wákàtí kan àbọ̀ ni wàá ti jèrè, ẹ̀yin ò sì ní pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì Aké bí a ti pẹ́ lọ́dún tó kọjá, tí gbogbo wa dúró lẹ́yìn bí àwọn ajẹgbèsè.

Adìyẹ: ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ ra ọmọ ọjọ́ kan ti brọ́ílà ní ìparí oṣù Kẹwàá, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló máa pé. Ìṣirò rẹ̀ péye, ṣùgbọ́n ta ló máa jí lóru láti wo iná wọn? Mo ní kó lọ bá àwọn tó ń sìn ín lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, kó san àsansílẹ̀ fún mẹ́wàá, ká mú wọn ní ọjọ́ 23. Ó ń bínú díẹ̀. Bá mi bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó. Má yá a. Bí o bá ń dá ẹgbẹ̀rún kan náírà lójúmọ́ fún alájọ láti oṣù tó ń bọ̀, tí ó sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ó kéré tán, 29,000 náírà ló máa bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lóṣooṣù. Gba ti oṣù Kẹwàá fi ra òróró àti èlò chin-chin, kí ti oṣù Kọkànlá jẹ́ ti ẹran. Ìrẹsì àti àlùbọ́sà, èmi àti Bàbá yín á san án. Má bá mi jiyàn. Tí àna mi bá fẹ́ ṣe nǹkan, kó gbé sílíńdà gáàsì wá, kíkún o, nítorí ọ̀sẹ̀ Kérésì ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí pé tàwọn ti tán.

Chin-chin, dín in ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá. Jẹ́ kó tutù kí o tó dé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rọ̀. Lẹ́yìn náà fi í pamọ́ síbi tí Bàbá yín ò ti lè rí i. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti mọ ibẹ̀.

Bí o bá ń bọ̀, wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Ládérin, kí o pe àbúrò rẹ kó wá gbé ẹrù. Ìkòkò ńlá ti wà lọ́wọ́ wẹ́dà ní Sàpọ́n, etí rẹ̀ kan ló já.

Mo fi ìwé abọ́ ti ọdún tó kọjá sínú àpòòwé yìí, èyí tí mo kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Mo ti pa orúkọ Ìyá Eléja rẹ́, ọmọ wọn ti wá mú wọn lọ sí Ìlọrin. Ẹni tuntun kó sí yàrá wọn, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, n kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ ní "Ìyá Ọmọ Tuntun", kí o fi ẹran méjì sí tiẹ̀.

Ìyá rẹ,
Màámi Adátán