Ẹ̀yin Ọmọ Òṣogbo, Ta Ló Ni Ilé Ìwé Tí Ẹ Ń Tú?

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú ọmọkùnrin kan níbi tó ti ń yọ irin ojú fèrèsé ilé ìwé gírámà àtijọ́ kan nílùú wa. N ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, n ò sì ní dárúkọ ọmọ náà, torí mo mọ bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Ó ti kó páànù lọ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n bi í léèrè, ó ní, "Ti ìjọba ṣáà ni."

Ti ìjọba kẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ n sùn. Lọ́dún 1950 tí wọ́n dá Osogbo Grammar School sílẹ̀, Osogbo Progressive Union, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa, ló dá a sílẹ̀, Ọba Adénlé sì ni Àtáọ́ja. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ṣe tiwọn ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ló ṣe é. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ gbé dé ní 1955 pàápàá, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ.

Aláró ni ìyá mi. Mo rántí alẹ́ tí bàbá tó ń gba owó ìdáwó ilé ìwé yà sílé wa. Ìyá mi tú etí ìró, ó kó tọ́rọ́ àti sísì lé e lọ́wọ́. Aró ti wọ ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Bàbá náà fi aṣọ nu owó kan, ó ní, "Ìyá, owó yín náà ti kó aró!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi ò mọ A. Kò sì sí èyí tó ti dé ilé ìwé gírámà nínú àwa ọmọ rẹ̀.

"Ti ìjọba ni"! Ẹ má jẹ́ n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé ìjọba ló tú etí ìró ni?

Ẹ bi ìyá àgbà yín léèrè ohun tí àwọn òbí tiwọn dá, kí wọ́n tó lọ. Ebi ń pa yín, mo mọ̀. Iṣẹ́ ò sí, n ò jiyàn. Ẹ̀yin tó ń ra irin àlòkù, tí ọmọdé bá gbé irin fèrèsé wá, ẹ ò lẹ́nu láti bi í níbi tó ti yọ ọ́? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbówó wálé láìníṣẹ́, ìwọ náà ńkọ́?

Páànù tó ti lọ yẹn, ẹni tó rà á ń bẹ nílùú yìí. Kó lọ jù ú sílẹ̀ lẹ́bàá géètì ilé ìwé náà kí òjò tó tún rọ̀ lé àwọn ọmọ lórí. Òru ni kó gbé e wá tó bá wù ú, kò sẹ́ni tó máa bi í lórúkọ.